Aṣọ Tí A Ń Wọ̀ Fún Iná

Ẹ fa àpótí yín súnmọ́ ibí, ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ro iṣẹ́ tí ẹ ó fi ayé yín ṣe. Ẹni tó bá ń kánjú, kó máa lọ, n kò ní bínú. Iṣẹ́ tí mo ṣe kò kọ́ mi ní ìkánjú, ọ̀rọ̀ mi náà kò sì ní kánjú. Ẹni tó bá lè dúró, kó na ẹsẹ̀ rẹ̀, kó gbọ́ ìtàn ọkùnrin kan tó fi ọjọ́ ayé rẹ̀ wọ aṣọ fún ààrò búrẹ́dì. Èmi ni ọkùnrin náà.

Ìlaró ni wọ́n bí mi sí, Ìmáṣàyí ni mo ti kọ́ṣẹ́, Ayétòrò ni mo wá fìdí kalẹ̀ sí. Láti Jọ́gà títí dé ìtòsí bodè, abúlé tí wọ́n ti ń ṣe búrẹ́dì nígbà tiwa tí n kò wọ ikùn ààrò wọn rí kò pọ̀. Mo ní ikùn, ẹ má rò pé ẹnu mi ló ṣì. Ẹni tó bá ń mọ ààrò gbọ́dọ̀ gba ẹnu rẹ̀ wọlé, kó dọ̀bálẹ̀ nínú òkùnkùn, kó máa fi ọwọ́ wá ibi tí amọ̀ kò ti kún. Nínú ibẹ̀, ohùn ayé máa ń jìnnà. Ẹ ó gbọ́ adìẹ, ẹ ó gbọ́ ọmọ tó ń sunkún, yóò dà bí ẹni pé ìlú mìíràn ni wọ́n wà. Ibẹ̀ ni mo ti lo ìgbà èwe mi.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé bíríkì ló ń yan búrẹ́dì. Bíríkì kàn ń gba iná ni. Ohun tí kì í jẹ́ kí iná sá lọ ni aṣọ. Ògiri méjì ni ààrò tiwa máa ń ní. Ti inú ṣe róbótó bí igbá ìjàpá, ti ìta dúró ṣánṣán, àlàfo sì wà láàárín wọn. Inú àlàfo yẹn la máa ń da eérú àti yanrìn sí títí yóò fi bo àjà ààrò mọ́lẹ̀, a ó wá fi amọ̀ rẹ́ orí rẹ̀. Ìyẹn ni aṣọ. Lábẹ́, níbi tí búrẹ́dì yóò jókòó lé, a máa ń tẹ́ ìgò tí a gún àti iyọ̀, kí ooru má bàa rì sínú ilẹ̀. Ààrò tó wà ní ìhòòhò, igi ni yóò máa jẹ láti òwúrọ̀ dalẹ́; ẹ̀yìn búrẹ́dì rẹ̀ á jóná, inú rẹ̀ á ṣì rọ̀ bí ẹ̀kọ. Èyí tó bá láṣọ, ẹ dáná sí i lẹ́ẹ̀kan, ẹ wọ́ ògúnná jáde, ẹ kó búrẹ́dì sí i. Ooru tó ti wọnú bíríkì ni yóò yan án, yóò sì tún yan ti ẹ̀yìn rẹ̀.

Bí mo ṣe dé ẹnu iṣẹ́ náà kò gùn. Bàbá mi kú, ìyá mi mú mi lọ bá Bàbá Sùbérù ní Ìmáṣàyí, ó ní, "Ẹ gba ọmọ yín." Ó gbà mí. Ohun tí mo rí jẹ nídìí iṣẹ́ náà látìgbà yẹn, ebi kò pa mí, n kò sì kọ́lé alájà. Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Bàbá Sùbérù kúrú, kò sì lọ́rọ̀ lẹ́nu. Kò jẹ́ kí n fọwọ́ kan bíríkì fún ìgbà pípẹ́. Eérú ni ó ní kí n máa jọ̀. Mo jọ eérú títí irun orí mi fi funfun ṣáájú ọjọ́ rẹ̀. Bí mo bá rò pé mo ti parí, yóò ti ìka bọ̀ ọ́, yóò yọ èédú kékeré kan jáde bí ẹni yọ òkúta nínú ẹ̀wà.

"Kí lèyí?"

"Èédú ni, ọ̀gá."

"Eérú tí èédú wà nínú rẹ̀ ṣì ń rántí iná. Jọ̀ ọ́ títí yóò fi gbàgbé."

Yanrìn náà, a kì í dà á bẹ́ẹ̀. A máa ń yan án nínú agbada ńlá bí ẹni ń yan gàrí, nítorí omi ni ọ̀tá aṣọ. Àwọn obìnrin tó ń kọjá máa ń fi mí ṣẹ̀sín. Ọ̀kan dúró lọ́jọ́ kan, ó rí mi tí mo ń họ ara nítorí eérú, ó ní, "Bàbá Sùbérù, iná aṣọ ti fẹ́ pa ọmọ yín o! Ẹ ò fọ aṣọ fún un?" Kòkòrò tó ń jẹ ni lára ló ń sọ. Ọ̀gá mi kò gbójú sókè. Ó ní, "Iná aṣọ ni tiyín. Tiwa, aṣọ iná ni." Ọjọ́ yẹn ni mo kọ́kọ́ rí i tí ẹ̀rín fẹ́ bọ́ lẹ́nu rẹ̀, ó sì gbé e mì.

Ọ̀nà tó fi ń yẹ iṣẹ́ wò nìyí. Bí a bá ti mọ ààrò tán, tí iná ti jó nínú rẹ̀ dáadáa, yóò bọ́ ẹ̀wù rẹ̀, yóò fi ẹ̀yìn lásán ti ògiri ìta, yóò dijú. Bí ẹ̀yìn rẹ̀ bá gbóná, aṣọ ti ya nìyẹn. Ní ọdún tí mo kọ́kọ́ dá aṣọ wọ̀ fún ààrò, ó fẹ̀yìn tì í, ó sì pẹ́ kó tó dìde.

"Wó o."

"Ọ̀gá, ó kàn lọ́ wọ́ọ́rọ́ ni."

"Wọ́ọ́rọ́? Ṣé ẹ̀kọ ni mo ní kí o gbé wá fún mi mu?"

Ẹni tó ni ààrò bẹ̀ ẹ́, ó ní òun gbà á bẹ́ẹ̀. Bàbá Sùbérù ní, "Ẹ̀yin gbà á, ẹ̀yìn mi kò gbà á." Mo wó o. Nígbà tí mo kó eérú kúrò, mo bá yanrìn tútù níbi igun ẹ̀yìn, kò ju ẹ̀kúnwọ́ méjì lọ. Òjò ló ti ta sí i lára nígbà tí mo lọ jẹun.

Ẹ jẹ́ kí n sọ apá tí ẹnikẹ́ni kì í sọ fún ọmọ iṣẹ́. Bí a bá ti wọ aṣọ fún ààrò tán, kì í ṣe ọjọ́ náà la ó dáná ńlá sí i. Iná èèpo àgbọn díẹ̀díẹ̀ ni, kí ó lè gbẹ láti inú wá. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ohun tí a bá fagbára mú ní í nini lára. Ẹnìkan ní láti jókòó tì í, bí a ti ń jókòó ti abiyamọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀kalẹ̀. Ẹni tó mọ ọ́n ni yóò jókòó. Gbogbo ará ilé á ti bá iṣẹ́ wọn lọ, èmi á wà ní ẹ̀yìnkùlé ẹni ẹlẹ́ni, èmi àti iná kékeré. Ní ọjọ́ tí wọ́n sọ Rábì, ọmọ mi, lórúkọ, ìdí ààrò kan ní Jọ́gà ni mo wà. Ìyàwó mi, Mọ́ríámọ̀, máa ń sọ fún àwọn àlejò pé, "Ààrò ni ìyálé mi." Wọ́n á rẹ́rìn-ín. Ó tún máa ń sọ ọ́ nígbà tí kò sí àlejò. Ó ní mo ń wọ aṣọ fún iná, mo ń fi òun sílẹ̀ sínú ọyẹ́. Nígbà tó kú, mo wà nílé, mo dúpẹ́ fún ìyẹn. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn rẹ̀, bí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé, n kò mọ ẹni tí n ó kí.

Ẹni tó kù fún mi ni Akànní.

Akànní bá wa ní ọ̀dọ̀ Bàbá Sùbérù nígbà tí mo ti ń sún mọ́ òmìnira. Ará Ayétòrò ni bàbá rẹ̀, ṣùgbọ́n Pọ̀bẹ̀, lọ́hùn-ún bodè, ni ìyá rẹ̀ ń gbé, ibẹ̀ náà ló sì fẹ́ ìyàwó sí. Ẹsẹ̀ kan níhìn-ín, ẹsẹ̀ kan lọ́hùn-ún. Ọlọ́wọ́ òsì ni, aláwàdà ni. Bó bá dé lówùúrọ̀, yóò fi Faransé pariwo kí ọ̀gá wa, "Bọ́ńjúù!", ọ̀gá wa á ní, "Ìwọ ni ó bọ́ jù." Nígbà tí Bàbá Sùbérù kú, àwa méjèèjì ló gba iṣẹ́ náà, a sì jọ ń ṣe é.

Iṣẹ́ ẹni méjì ni aṣọ ààrò. Ẹnìkan á wà lókè, á máa da eérú sínú àlàfo, á máa fi igi kì í mọ́lẹ̀. Ẹnìkan á wà nínú ikùn, á fi ọwọ́ lé àjà, á máa gbọ́ bóyá bíríkì ń ké. Bó bá gbọ́ tí ó ké, á kan ògiri, ẹni òkè á dúró. Èmi ni mo máa ń wà nínú, nítorí Akànní sanra.

"Ẹ̀gbọ́n!" Ohùn rẹ̀ á gba ẹnu ààrò wọlé. "Ṣé ẹ ti kú síbẹ̀ ni?"

"Mo ń sùn."

"Ẹ sùn dáadáa. Bí búrẹ́dì bá jinná, màá jí yín."

Èmi á rẹ́rìn-ín, eérú á kún mi lẹ́nu. Bẹ́ẹ̀ la ṣe é fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ẹ̀yin ọmọ mi, bí ẹ bá ń wá iṣẹ́, ẹ tún wò ó bóyá ẹni tí ẹ ó jọ máa rẹ́rìn-ín wà níbẹ̀.

Ohun èlò yí padà lójú wa. Amọ̀ la fi bẹ̀rẹ̀, a ń gé bíríkì fúnra wa, a ń sá a sóòrùn. Lẹ́yìn náà, bíríkì tí wọ́n ti sun dé. Lẹ́yìn ìyẹn, àwọn bíríkìlà bẹ̀rẹ̀ sí í fi sìmẹ́ńtì mọ ààrò, ó ń sán lójú wọn, wọ́n ń pè wá kí á wá tún un ṣe. Nígbà tó yá, òwú funfun kan ti Èkó wá, òwú tí wọ́n ń ká mọ́ iná, tó ń yún ni lára ju wèrèpè lọ. Akànní fi wé orí lọ́jọ́ kan pé òun ti di ìmáàmù, ó sì fi ọjọ́ mẹ́ta họ orí. Ní ìgbẹ̀yìn, ààrò onírin tó ń lo gáàsì dé. Ìyẹn ń ti ilé ìtajà wọ aṣọ rẹ̀ wá.

Ní abúlé kan láàárín Ayétòrò àti bodè, Màmá Táíwò ń ṣe búrẹ́dì. Opó ni, ó ń tọ́ àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀, ilé tí wọ́n ń sùn sì fara ti ilé búrẹ́dì náà. Èyí tó pọ̀ jù nínú búrẹ́dì rẹ̀, ọjà ọ̀hún bodè ló ń lọ. A mọ ààrò rẹ̀ ní ọ̀tun, èmi àti Akànní. Mo bọ́ ẹ̀wù, mo fẹ̀yìn ti ògiri náà nígbà tí iná ń jó nínú rẹ̀. Ó tutù bí ìkòkò omi. Màmá Táíwò ní, "Bàbá Rábì, ṣé ẹ fẹ́ fi ilé mi sùn ni?" N kò mọ ààrò tó dára tó bẹ́ẹ̀ rí.

Kò pẹ́ sígbà náà ni ìjọba ti bodè pa.

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé ní ìlú ńlá, ìrẹsì ni ẹ mọ̀ pé ó wọ́n. Níhìn-ín, ẹni tí ìyá rẹ̀ wà ní ìrìn àárọ̀ di ẹni tí ìyá rẹ̀ wà ní òkè òkun. Wọ́n dá epo dúró ní àwọn ilé epo tó sún mọ́ bodè. Àwọn aṣọ́bodè kún ojú ọ̀nà, wọ́n ń fi ọ̀pá irin gún àpò gàrí, wọ́n ń gún ìdì igi. Àwọn tó ń ra búrẹ́dì Màmá Táíwò wà lọ́hùn-ún. Fúláwà náà kò tètè dé mọ́. Ó gbé páànù dí ẹnu ààrò rẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò sì pè wá pé ká wá mọ ààrò.

Akànní bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọ̀kadà gbé bẹntiróòlù gba inú igbó lọ sí ọ̀hún. Mo bá a wí.

"Akànní, epo kò mọ ọ̀rẹ́."

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé eérú ni kí n máa jẹ? Ìyàwó mi wà lọ́hùn-ún. Ìyá mi wà lọ́hùn-ún. Epo ló ń bá mi sanwó ọ̀nà."

Ní ọjọ́ kan ó kọjá, àwọn aṣọ́bodè dí ọ̀nà igbó náà, kò lè padà. Ó ń fi nọ́ńbà ọ̀hún pè mí lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan: "Ìyá ní kí n kí yín." Nẹ́tíwọ́ọ̀kì á sì já. Mo ń jókòó níwájú ilé mi ní Ayétòrò láti àárọ̀ títí oòrùn yóò fi wọ̀, bí ẹni tó ń jókòó ti ààrò tí kò sí níbẹ̀. Àìrìn pọ̀ ejò ló ń jẹ ejò níyà.

Màmá Táíwò ṣagbára, ó bẹ àwọn ènìyàn títí ó fi rí fúláwà díẹ̀. Ó ní bí ọ̀hún kò bá ra búrẹ́dì, àwọn ọmọ iléèwé abúlé á rà á. Ó dáná. Lẹ́yìn bíi ẹ̀ẹ̀mẹta tó ti yan búrẹ́dì, ó ránṣẹ́ pè mí. Mo bá a níwájú ilé búrẹ́dì, ó na búrẹ́dì kan sí mi.

"Bàbá Rábì, ẹ gbóòórùn rẹ̀."

Mo bù ú, mo gbé e sí imú. "Bẹntiróòlù."

"Ẹ ṣeun! Láti àná ni mo ti ń bú awakọ̀ tó kó fúláwà wá. Mo ní orí kẹ́ẹ̀gì ló jókòó lé wá láti Èkó."

Mo fọwọ́ kan ògiri ìta. Ó tutù. Mo gun orí ààrò. Níbi igun ẹ̀yìn, mo rí ibi kan tí wọ́n ti là, tí wọ́n sì tún rẹ́ padà. Amọ̀ ibẹ̀ tuntun. Mo wo ipa ìka tó wà lórí rẹ̀. Ẹni tó bá ń fi ọwọ́ òsì rẹ́ amọ̀, ìlà ìka rẹ̀ máa ń tẹ̀ sí òdìkejì ti gbogbo ayé. Mo mọ ìlà yẹn bí mo ṣe mọ ojú ọmọ mi.

Ó yé mi lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ọ̀pá àwọn aṣọ́bodè ń gún gbogbo nǹkan, ṣùgbọ́n ta ni yóò gún ààrò? Ó rò pé ààrò náà tutù, kò ní í gbóná mọ́ títí bodè yóò fi ṣí. Ó là á, ó sin kẹ́ẹ̀gì sínú eérú, ó rẹ́ ẹ. Nígbà tí Màmá Táíwò dáná, aṣọ tí àwa méjèèjì wọ̀ fún ààrò náà dáàbò bo epo náà. Bí kì í bá ṣe pé ó dára, ọjọ́ àkọ́kọ́ ni ìbá ti gbiná. Ṣùgbọ́n ooru a máa rìn bí ìgbín: kò yára, kò sì dúró. Ó ti dé ibi tí kẹ́ẹ̀gì wà, òórùn sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í gba ojú bíríkì wọnú ikùn.

"Màmá Táíwò, ẹ kó àwọn ọmọ jáde. Ẹ kó wọn dé ìsọ̀ kejì."

"Kí ló dé?"

"Ẹnìkan sin epo sínú aṣọ ààrò."

"Ta ni?" Ó wo ẹnu ààrò. "Búrẹ́dì mi wà nínú rẹ̀ o! Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kó o sí i ni!"

"Ẹ fi sílẹ̀."

"Fúláwà tí mo fi orúnkún bẹ̀ gbà!"

"Ẹ fi sílẹ̀ fún un, kó jẹ ẹ́. Bó bá jẹ ìyẹn yó, bóyá kò ní jẹ ilé."

Ó kó àwọn ọmọ, ó lọ. Ó ń sunkún, ó ń bú ẹni tí kò mọ̀. Mo da omi sí ògúnná tí wọ́n wọ́ síta. Mo fi amọ̀ tútù dí ẹnu ààrò kí atẹ́gùn má bàa wọlé. Lẹ́yìn náà, mo jókòó. Ohun tó yẹ ni kí n dúró títí yóò fi tutù, ṣùgbọ́n ààrò tó láṣọ bí tiwa kì í tètè tutù. Ọwọ́ mi ni mo fi ṣe é kó má tutù. Ìdì igi gbígbẹ fara ti ògiri, òrùlé ilé sì fara ti ìdì igi. Mo kó igi títí ẹ̀yìn mi fi kọ̀. Àwọn ọkùnrin abúlé dúró lọ́ọ̀ọ́kán, wọ́n ń pariwo, "Bàbá, ẹ máa bọ̀!" Ẹnikẹ́ni kò sún mọ́ mi, n kò sì bá wọn wí. Òórùn náà ń le sí i.

Mo tún gun orí ààrò, mo pe Akànní. Ó gbé e.

"Ẹ̀gbọ́n! Sà fà? Ṣé dáadáa ni?"

"Mélòó lo sin?"

"Mélòó kí ni?"

"Akànní, mo wà lórí ààrò Màmá Táíwò. Ó ti ń dáná sí i. Mélòó?"

Ó ní, "Mẹ́ta. Ẹ̀gbọ́n, ẹ má fọwọ́ kàn án. Ẹ̀yin nìkan kò lè ṣe é. Ẹ jẹ́ kí n wá."

"Ibo lo máa gbà wá?"

Mo gbọ́ tí ìyá rẹ̀ ń bi í lẹ́yìn pé kí ló dé. Akànní ní, "Méjì wà lápá ìta, wọ́n fara ti ògiri. Ẹ̀kẹta sún mọ́ àjà. Ẹ̀gbọ́n, ẹ tètè fẹ̀yìn…" Ó já.

Mo rò ó. Bí mo bá dúró, ẹ̀kẹta yóò yọ́, ilé opó yóò jó. Bí mo bá hú u, ó lè jó mọ́ mi lára. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi igbá bu eérú. Kò sí ẹni tó wà nínú ikùn tí yóò kan ògiri fún mi. Mo ń dúró lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, mo ń fetí sílẹ̀, bíríkì ń ké lábẹ́ mi, n kò mọ èwo ni. Mo yọ èkínní, ó lọ́ wọ́ọ́rọ́. Mo sọ ọ́ kalẹ̀ pẹ̀lú okùn, ọkùnrin kan sáré wá gbé e lọ. Mo yọ èkejì. Ẹ̀kẹta, bí mo ti di ọwọ́ rẹ̀ mú, ìdí rẹ̀ kò tẹ̀lé e. Ó ti lẹ̀ mọ́ eérú. Epo dà lọ sí ìsàlẹ̀ pẹ̀lú ìró bí ẹni pọ́n omi, ó gba ojú bíríkì wọlé.

N kò gbọ́ ariwo. Wọ́n ní ó dún dé ojú ọ̀nà. Ohun tí mo rí ni pé orí ààrò gbé mi sókè, ó sì wó. Mo bọ́ sí ìta, apá ọ̀tún mi ń jó. Eérú ló pa á. Eérú tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ dà lé mi lórí, dà lé iná lórí, ó sì bò ó. Ilé kò jó. Ọmọ kankan kò fara pa. Ṣùgbọ́n ààrò di òkìtì, ọwọ́ ọ̀tún mi sì kákò títí dòní.

Àwọn ènìyàn wá bá Màmá Táíwò kẹ́dùn. Ọ̀kan ní, "Ẹ má sunkún, ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i." Màmá Táíwò wò ó, ó ní, "Ṣé adé lẹ rí lórí mi ni?" Nígbà tí wọ́n lọ tán, ó wá jókòó tì mí níbi tí wọ́n tẹ́ mi sí.

"Bàbá Rábì, ẹ mọ ẹni tó ṣe é."

"Akànní ni."

Ó gbọn eérú kúrò lára ẹní mi. Ó wá ní, "Ẹ sọ fún un kó padà wá. Kó wá mọ òmíràn fún mi. Ọwọ́ òsì tó fi sin ín náà ni kó fi mọ ọ́n. Bó bá ti mọ ọ́n tán, ọ̀rọ̀ tán."

Mo jẹ́ iṣẹ́ náà fún un lórí fóònù. Kò sọ nǹkan kan nípa ààrò. Ó ní, "Ọwọ́ yín ńkọ́, Ẹ̀gbọ́n?"

"Ó wà níbẹ̀."

"Ṣé ó ń nà?"

"Kò nà."

Ó ní, "Bí wọ́n bá ṣí bodè." Lẹ́yìn ìyẹn, nọ́ńbà náà kò wọlé mọ́.

Wọ́n ṣí bodè. Màmá Táíwò gé amọ̀ sílẹ̀, ó fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bò ó kó má bàa gbẹ. Mo ń lọ sí ibi tí àwọn ọkọ̀ ọ̀hún ti ń já èrò, mo ń wo ẹni tó ń sọ̀kalẹ̀. Òjò méjì rọ̀ sórí amọ̀ náà. Ẹnikẹ́ni kò sọ fún mi pé kí n má lọ mọ́. Ẹsẹ̀ mi fúnra rẹ̀ ló ṣíwọ́.

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹni tó bá bi mí bóyá kí òun ṣe iṣẹ́ ọwọ́, n ó ní kó ṣe é. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ iṣẹ́ ẹni méjì, kí ó tọ́jú ẹnì kejì ju ohun èlò lọ. Ọwọ́ kan kò gbẹ́rù dórí, a máa ń pa á lówe ni. Èmi rí i.

Bí a ṣe pín ohun tó kù nìyí. Rábì, ọmọ mi, tó ń ṣiṣẹ́ ìjọba ní Ìlaró, mú kọ̀ǹkọ̀sọ̀ tí mo fi ń jọ eérú lọ, ó fi ń jọ èlùbọ́. Agbada tí a fi ń yan yanrìn wà lọ́dọ̀ aládùúgbò mi tó ń yan gàrí. Ó ní gàrí rẹ̀ kì í jóná nínú rẹ̀. Táíwò gba ilé búrẹ́dì lọ́wọ́ ìyá rẹ̀, ó ra ààrò onígáàsì, ó sì gbin ata sórí òkìtì eérú wa. Ata náà so gan-an. Ó máa ń fi ránṣẹ́ sí mi.

Iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀, Sìkírá, ọmọ Akànní obìnrin, ló jogún rẹ̀, lọ́hùn-ún, ní Pọ̀bẹ̀. Awakọ̀ kan tó mọ̀ mí rí i níbi tó ti ń mọ ààrò. Mo bi awakọ̀ náà bóyá Akànní wà níbẹ̀. Ó ní ó wà níbẹ̀. Ó ní ọmọ náà ló wà lókè, ọkọ rẹ̀ ló wà nínú. Akànní jókòó sórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì wà láàárín itan rẹ̀, ó ń fẹnu sọ ohun tí wọ́n ó ṣe. Amọ̀ bọ́ sílẹ̀ níwájú rẹ̀, wọ́n ní kí ó bá àwọn gbé e. Ó wò ó, kò fọwọ́ kàn án, títí ọmọ rẹ̀ fi sọ̀kalẹ̀ wá gbé e fúnra rẹ̀.